Gbólóhùn Tí Akọ̀wé Fò

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Màmi. Ẹ jẹ́ kí n rí i dáadáa."

Màmá yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nínú ọpọ́n omi oníyọ̀, ó gbé e lé orúnkún ọmọ rẹ̀. Fúnminíyì fi tówẹ̀lì pa omi nù kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó wá tẹjú mọ́ ọn. Lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ níbẹ̀, awọ ti bó, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò, ẹran pupa sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín bó ni?"

"Ó bó báwo?" Màmá tẹ orí wò ó, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ní kó wá wò. "Kò dùn mí o."

Ohun tó já Fúnminíyì láyà gan-an nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ tó pọ́n báyìí, tí ẹni tó ni ín ò mọ̀ ọ́n lára! Dókítà ti sọ ọ́ ṣáájú. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ti sọ ẹsẹ̀ Màmá di ẹsẹ̀ tí kì í mọ ìrora mọ́, pé ọgbẹ́ kékeré kan péré lè di ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ gé e. Ìdí nìyẹn tí Fúnminíyì fi lọ kó ìyá rẹ̀ kúrò ní fúláàtì tó ti ń dá gbé ní Jakande, ní Ìlasàn, tó mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ Fúnminíyì ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, òun ló mú mọ́tò wọn lọ. Àwọn ọmọ wà níléèwé tí wọ́n ń sùn sí. Ilé fẹ̀, ilé sì dákẹ́. Ó rò pé ibi ìsinmi lòun gbé ìyá òun wá.

"Òkúta íńtálọ́ọ̀kì ojú ọ̀nà yẹn ló jó yín," ó ní. "Nínú oòrùn aago méjì, Màmi! Ẹ tún fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti géètì dé ibí."

"Ṣé kí n fò ni?"

"Kí ẹ wọ bàtà ni."

"Pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi? Fúnminíyì, inú ìjọ yìí ni mo bí ọ sí. O mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí aṣọ ìsìn."

"Ẹ ká a sínú báàgì nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajah lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí."

"Mi ò bá wọn jà. Ní tèmi, ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti ń wọ aṣọ yìí jáde láti inú yàrá mi. Bàbá rẹ ní kí n mú ọ̀kan nínú òun àti aṣọ yìí, mo wọ̀ ọ́ jáde lójú ẹ̀. Ṣé ìgbà tí mo darúgbó tán ni màá wá máa gbé e pamọ́ bí ẹni jí i?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ní Jakande, kẹ̀kẹ́ Márúwá máa ń gbé mi dé ẹnu àtẹ̀gùn. Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kó wọlé níbí?"

"Òfin ẹ̀sítéètì ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Gbogbo wa la jọ ṣe é, Màmi."

"Ó dáa. Ta ló kọ ọ́?"

Fúnminíyì tún mú tówẹ̀lì, ó ń nu ẹsẹ̀ tó ti gbẹ tipẹ́.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní.

Ọ̀rọ̀ òfin yẹn ò gùn. Lọ́dún tó kọjá, Márúwá kan tó sáré wọlé wá já èrò gbá Tiwaladé, ọmọ Ẹnjiníà Akínọ̀ṣọ́, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ti ń fo okùn níwájú ilé wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ ṣẹ́ síbi méjì. Akínọ̀ṣọ́ yìí ni alága Ẹ̀sítéètì Ìfẹ́sowápọ̀, Fúnminíyì sì ni akọ̀wé. Wọ́n pe ìpàdé gbogboogbò. Inú gbogbo èèyàn ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì fẹnu kò pé ọkọ̀ akérò kankan kò gbọdọ̀ kọjá géètì mọ́, ì báà jẹ́ Márúwá, ì báà jẹ́ ọ̀kadà, ì báà jẹ́ táásì tí wọ́n ń pè lórí fóònù. Ẹni tí ò bá ní mọ́tò tirẹ̀, kó sọ̀ ní géètì, kó fẹsẹ̀ rìn.

Ìgbà náà ni Alàájì Àṣírù dìde. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń gbé nílé Hakeem ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jà nígbà náà. Wọn ò ní mọ́tò. Ó ní, "Mo fara mọ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi kún un pé, àyàfi arúgbó, aláìsàn àti aláboyún." Àwọn èèyàn ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí i, Fúnminíyì ka ọwọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó máa ń mú wá sípàdé. Alága ní kó lọ tò ó dáadáa.

Akọ̀wé lọ tò ó. Iṣẹ́ Fúnminíyì ní ọ́fíìsì wọn ní Oníru ni kó máa kọ ìwé àdéhùn, ohun tó sì kórìíra jù lọ nínú ìwé ni "àyàfi". Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo jìbìtì máa ń gbà wọlé. Ta ló máa mọ arúgbó? Ẹni ọgọ́ta ọdún ni àbí ẹni àádọ́rin? Ta ló máa yẹ aláboyún wò ní géètì, ṣé Bọ̀sún tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni? Èyí pa á lẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì ló ń já a sílẹ̀ ní géètì lójoojúmọ́, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ò pa ẹnikẹ́ni. Ó wá fo gbólóhùn Alàájì, ó kọ èyí tó mọ́ tónítóní dípò rẹ̀: "Òfin yìí kan gbogbo ènìyàn láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀." Ó dùn mọ́ ọn nínú, ká má purọ́. Ó fi í sórí Wásáàpù ẹ̀sítéètì. Àwọn èèyàn fi àtàǹpàkò dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó kà á tán. Ẹ sáà mọ bí a ṣe ń ka nǹkan lórí Wásáàpù. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà, ó di òfin.

Ọjọ́ tí Bọ̀sún dá Márúwá tó gbé Alàájì àti ìyàwó rẹ̀ dúró ni bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó wá sílé Fúnminíyì.

"Ìyáàfin akọ̀wé, a dìbò sí i."

Fúnminíyì ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìpinnu ìpàdé sí hàn án. "Bàbá, kò sí níbí, sà. Bóyá ẹ sọ ọ́, a ò kàn dìbò sí i ni."

Alàájì wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì lọ sílé rẹ̀. Kò pẹ́ sí ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ò lè máa lọ sí ọsibítù mọ́ níbi tí wọ́n ti ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́jọ. Fúnminíyì kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé kò sí bí òfin kan ṣe lè bá gbogbo ara mu, ó sì ti gba ara rẹ̀ gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ bá alága nílé.

"Ẹ̀tọ́ Màmá ni láti sin Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń sìn ín," ó ní. "Ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Òfin ẹ̀sítéètì ò lè ga ju ìyẹn lọ."

"Ó wà níbẹ̀," Akínọ̀ṣọ́ dáhùn. "Ta ló ní kí Màmá má wọ sùtánà? Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ẹlòmíì sínú ewu. Tiwaladé! Wá kí Àǹtí."

Ọmọ náà jáde wá, ó kúnlẹ̀. Kó tó kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ di apá àga mú. Fúnminíyì ní kó dìde, kó dìde, ó ti tó.

"Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti fo okùn níwájú ilé bàbá ẹ̀," Akínọ̀ṣọ́ ní nígbà tí ọmọ ti wọlé. "Ìdí tí mo fi fẹ́ràn òfin yẹn bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kò ní ihò kankan."

Fúnminíyì dìde kó máa lọ. Akínọ̀ṣọ́ wò ó títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún wa gan-an. Màmá náà sì gbàdúrà fún ọmọ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n wá kí wa, mi ò gbàgbé. Màá bá Bọ̀sún sọ̀rọ̀. Tó bá ti jẹ́ Màmá ló wà nínú Márúwá, kó ṣí géètì. Àwọn nìkan o. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ṣé." Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré nígbà tó jáde.

Ojú ilé Alàájì Àṣírù ló máa gbà kọjá. Bàbá náà ń bomi rin òdòdó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyáàfin akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o. Bọ̀sún sọ fún mi pé Màmá fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú oòrùn lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ wọn bó. Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Pẹ̀lẹ́. Á san, lágbára Ọlọ́run. Ẹ dúró dè mí ná."

Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn. Ó ti nù ún.

"Hakeem ló rà á fún ìyá ẹ̀. Mo máa ń tì í lọ sí géètì níbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí èjìká mi yìí yarí, ọ̀nà wa sì gòkè jù. Ó kàn wà nílẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá rẹ́ni tó máa ti Màmá, ẹ máa lò ó."

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú fèrèsé, Ìyá Hakeem jókòó tó kọjú sí ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó ká kò. Ó ń gbìyànjú láti kí i. "Ẹ... kú... àárọ̀."

Ojú ti Fúnminíyì. Ó rò ó pé ì bá dáa kí bàbá yìí bú òun, kó lé òun kúrò níwájú ilé rẹ̀. Ó ti àga náà délé láìmọ bó ṣe rìn.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Fúnminíyì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí alága sọ, àti àga.

"Àwọn nìkan?" Màmá ní. "Kí ló dé tí ìyá tó ni àga yìí ò fi sí nínú 'àwọn nìkan'?"

Ibẹ̀ ni Fúnminíyì ti bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sọ nípa ọwọ́ tí wọ́n nà, gbólóhùn tó fò, ìwé ńlá tó ṣí fún Alàájì. Màmá gbọ́ ọ tán. Kò pa á lẹ́nu mọ́, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Aago mélòó ni ìpàdé yín lónìí?" ó béèrè.

"Aago mẹ́rin ni."

"Lọ fọ ojú rẹ."

Abẹ́ kánọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé oṣooṣù. Wọ́n sọ̀rọ̀ omi, wọ́n sọ̀rọ̀ iná ojú títì, wọ́n sọ̀rọ̀ ajá ẹnì kan. Nígbà tí alága béèrè bóyá ọ̀rọ̀ míì wà, akọ̀wé dìde. Ìwé pélébé ọdún tó kọjá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń kà á.

"'Alàájì Àṣírù dá a lábàá: àyàfi arúgbó, aláìsàn àti aláboyún. Ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbè é. Ọwọ́ mẹ́fà ò gbè é.' Ohun tá a dìbò sí nìyẹn. Èmi ni mo yọ ọ́ nígbà tí mò ń tò ó. Kò sẹ́ni tó rán mi. Alàájì wá bi mí, mo ní kò sí i. Irọ́ ni mo pa fún wọn."

Rẹ̀míláyọ̀, aládùúgbò kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ lanu.

"Haa! Àǹtí Fúnmi! Oyún oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń rin ọ̀nà yẹn! Ẹ rí mi! Ẹ máa ń kí mi lójú ọ̀nà, ẹ máa ń ní kí n rọra!"

"Mo rí yín. Ẹ má bínú."

Ariwo sọ. Akínọ̀ṣọ́ lu tábìlì títí tó fi rọlẹ̀, òun náà sì wá yíjú sí i.

"Gbogbo àkókò yìí, ẹnu yín ò ya láti sọ ọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ òní? Ṣé torí pé ó kan ìyá yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Fúnminíyì dáhùn. "Torí pé ó kan ìyá mi ni."

Èsì yẹn bá wọn lójijì. Àwọn kan ní kí wọ́n yáa ṣí géètì fún àwọn aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ká má rí i, ṣé Márúwá tó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ lẹ tún fẹ́ kó wọlé? Alága ní kí Alàájì Àṣírù, tí ọ̀rọ̀ kàn jù, sọ tẹnu rẹ̀.

Bàbá náà dìde díẹ̀díẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ Fúnminíyì rárá.

"Inú mi ò dùn," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ìyàwó mi ì bá ti máa fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun báyìí." Ó sinmi. "Ṣùgbọ́n gbogbo wa la fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yẹn láìkà á, èmi náà wà níbẹ̀. Ìwé òfin wa ní tá a bá fẹ́ tún òfin ṣe, ká kéde rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí olúkúlùkù wá sọ tinú rẹ̀, ká wá dìbò. Bàbá Tiwaladé náà ní ohun tó fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Nítorí náà, kí Bọ̀sún má tíì ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni. Títí kan ìyàwó mi."

Ó jókòó. Akínọ̀ṣọ́ ní kí Fúnminíyì gbé ìwé ńlá àti òǹtẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé e síbẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ ni wọ́n ní kó máa kọ ìyókù ìpàdé náà, ó sì fi ọmọ lẹ́yìn kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá ò lè lọ ìsìn. Dókítà ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀. Bó ti ń wo Fúnminíyì níbi tó ti ń gbá ilé tó ti gbá tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti lọ bẹ ìyá yẹn? Kì í ṣe ìpàdé lo ṣẹ̀ jù."

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Hakeem lójú fèrèsé yẹn, ó sọ ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, láìfi ìdí kankan gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó nà án sí i kó lè rí i.

"Ìka... mẹ́ta... ló ń ṣiṣẹ́... nígbà yẹn," ó ní. Ó tún gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. "Báyìí... kò sí."

Kò ní òun ti dárí jì í. Fúnminíyì ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó kàn béèrè ọjọ́ tí àwọn ọsibítù ń rí irú rẹ̀. Alàájì ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni.

Ní Ọjọ́rú, Fúnminíyì gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Láàárọ̀, ó fi àga onítáyà ti Màmá dé géètì ná, tòun ti sùtánà funfun báláú, ẹsẹ̀ lásán àti báńdéèjì. Ó ti rò pé Màmá máa bá òun jiyàn, àmọ́ Màmá ní, "Àga kì í ṣe bàtà," ó sì jókòó. Nígbà tí Márúwá gbé Màmá lọ ìsìn tán, ó padà lọ gbé Ìyá Hakeem. Alàájì tẹ̀ lé wọn, ó ń fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. Ní géètì, Bọ̀sún ti di irin mú.

"Àǹtí, ṣé kí n jẹ́ kí Márúwá wọlé ni? Mi ò rí nǹkan kan o."

"Rárá, Bọ̀sún. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì dé, ọ̀kan láti ọsibítù, ọ̀kan láti ìsìn. Oòrùn ń ta, íńtálọ́ọ̀kì ń yọ ooru. Fúnminíyì ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú àga. Wọ́n gbé Ìyá Hakeem jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bọ̀sún lábẹ́ òrùlé kékeré, Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìrò ó, Fúnminíyì yí àga náà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe láàárọ̀.

Màmá mi orí.

"Gbé àwọn lọ ná. Àwọn ló ti ń dúró tipẹ́."

Fúnminíyì yí àga náà padà. Òun àti Alàájì gbé Ìyá Hakeem sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í gòkè. Òógùn bo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Alàájì ti jìnnà sẹ́yìn díẹ̀.

"Tí wọ́n bá... dìbò," Ìyá Hakeem ní lójijì, "tí wọ́n bá... ní rárá?"

"Màá ṣì máa tì yín lọ, mà. Màá bá ọ́fíìsì sọ ọ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín láago méje."

Ìyá náà gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó na ìka sí ibi tí òkúta kan ti yọ lójú ọ̀nà níwájú wọn, kí Fúnminíyì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.